Ọjọ́ Kẹwàá Lẹ́yìn Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Gbẹ́nàgbẹ́nà fi yọ ilẹ̀kùn yàrá wọn kúrò lára férémù. Ilẹ̀kùn náà ń ha ilẹ̀, ìró rẹ̀ sì ń gún un létí. Ó tú gbogbo ìṣó tí ó dè é, ó gbé e lé orí àga méjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìfági fá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá rèé tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, kò sì tíì sí ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ náà tí ó jókòó fún wákàtí kan gbáko. Ìdúró ni ó fi ń jẹun. Nígbà tí kò bá rí ohun tí yóò tún ṣe, a máa rìn láàárín yàrá, ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ, ìṣísẹ̀ mẹ́fà bọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni yàrá náà gùn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

“Ta ló rán ọ níṣẹ́ ilẹ̀kùn?” ni ìyá rẹ̀ bi í láti ìdí máṣíìnì. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ìyá náà ń rán fún àwọn ọmọ àdúgbò, Ìyá Aránṣọ sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. “Gbogbo ayé á wá máa wo inú ilé wa bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.”

“Ó ń ha ilẹ̀, Màámi.”

“Ọdún mẹ́rin ló ti ń ha ilẹ̀, kò pa ẹnì kan nínú wa.”

Obìnrin tí ó ń ta búrẹ́dì ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Ó dúró wo ilẹ̀kùn, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹni òkè òkun! Ṣokoléètì tèmi dà? Láti ọjọ́ tí ẹ ti dé ni mo ti la ẹnu sílẹ̀.”

“Ó ń bọ̀, mà.”

“Ó ń bọ̀ láti ibo? Àbí ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni?”

Ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà tẹ orí ba, ó tún fi ìfági lé igi. Ìyá rẹ̀ kò gbé ojú sókè.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Alágbàfọ̀ ni ní ilé ìwòsàn ńlá, aago méjì ọ̀sán sì ni ó ń wọ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Ó bu tíì, ó gé búrẹ́dì, ó sì mú ìgò oògùn ọkọ rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé láti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ. Ìró tí ó gbọ́ nínú ìgò náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́. Hóró kan àti ààbọ̀ ni ó bọ́ síbẹ̀.

“Ta ló gé oògùn sí méjì?”

Ìfági dúró.

“Èmi ni. Mo ní kó lè pẹ́.”

“Kó lè pẹ́ kẹ̀? Oògùn wárápá lò ń ṣún lò bí ọṣẹ?”

Oògùn ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n dì fún un ní ẹnubodè ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n ní kí ó tó tán, ọ́fíìsì ìrànwọ́ yóò ti fún un ní káàdì ìlera. Àpá ńlá kan wà ní iwájú orí rẹ̀ láti ìgbà kan tí àìsàn náà gbé e ṣubú lu ilẹ̀ oníkọnkéré; ìyàwó rẹ̀ kì í wo àpá náà pẹ́.

“Ṣebí àná lo lọ sí ọ́fíìsì ìrànwọ́. O ní wọ́n ní kí o máa retí.”

Ọkùnrin náà wo ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá ń tẹ máṣíìnì kíkankíkan, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ kankan lábẹ́ rẹ̀.

“Kì í ṣe pé wọ́n ní kí n máa retí,” ni ó wí níkẹyìn. “Wọ́n ní orúkọ mi ò sí nínú ìwé àdúgbò. Ìwé náà ní mo ti kó lọ sí òkè òkun, mi ò ní padà wá mọ́. Wọ́n ní kí n lọ gba ìwé àtúnṣe lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀, kí n mú un wá kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ní aago méjì òní. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, òní ló sì pé. Tó bá ti kọjá òní, mo máa tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Oṣù mẹ́ta.”

“O sì ti mọ̀ ọ́n láti àná?”

“Màámi ní kí n má tíì sọ.”

Nítorí pé ilẹ̀kùn kò sí, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi jà, ìjà náà sì gbóná ju èyí tí wọn ìbá pariwo jà lọ.

“Màámi, ta ló sọ fún wọn pé ó ti kó lọ?”

“Jẹ́ kó jẹun ná. Ẹyin méjì ni mo dín sílẹ̀ fún un.”

“Ẹ̀yin ni mò ń bi, mà.”

“Nígbà tí wọ́n wá kọ orúkọ, o wà níbi iṣẹ́,” ni ìyá wí. “Bàbá Tísà dúró síbi tí o dúró sí yẹn, bíró lọ́wọ́. Ó ní, ọmọ yín ọkùnrin ńkọ́? Mo ní kò sí nílé. Ó ní, níbo ló wà? Mo ní ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó ní, ìgbà wo ló máa dé? Ó di bíró mú, ó ń wò mí. Mo bá ní kò ní padà wá mọ́, kó lè máa lọ.”

“Kó lè máa lọ.”

“Ẹ̀n-ẹ́n, kó lè máa lọ! Ìwọ ńkọ́? Nígbà tí àwọn ará ilé ń kí ọ pé ẹ kú àìsí ọkọ nílé, ẹ kú àfaradà, ṣé o ní irọ́ ni? O ò dáhùn ‘ẹ ṣeun’?”

Ìyàwó dá oògùn padà sínú ìgò.

“A máa ra oògùn náà,” ni ìyá wí. “Màá gba iṣẹ́ kún iṣẹ́.”

“Lọ́wọ́ ta lẹ máa rà á? Apoògùn ò ní tà á láìsí ìwé dókítà. Dókítà ò ní rí i láìsí káàdì. Káàdì ò ní jáde láìsí ìwé àdúgbò. Ẹ wá fi ibi tí aṣọ rírán máa gbà wọ ibẹ̀ hàn mí.” Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?”

“Igi ni.”

“Igi wo ló ń gbọ̀n báyìí?”

Ọkùnrin náà ti ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ inú àpò ṣòkòtò, tòun ti èérún igi tí ó wà lára rẹ̀. Ẹyin méjì náà tutù lórí àwo.

Bàbá Tísà ni ó ń tọ́jú ìwé àdúgbò. Àtàárọ̀ ni ó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nísàlẹ̀ ilé, pẹ̀lú tábìlì kékeré kan, bíró dúdú kan àti bíró pupa kan. Ìwé náà wà níwájú rẹ̀, ó fi pépà aláwọ̀ ilẹ̀ bò ó lẹ́yìn bí ìgbà tí ó ṣì ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá Tísà,” ni ìyàwó wí, ó kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, àtúnṣe kan ni a bá wá, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kánjúkánjú díẹ̀.”

“Aago mẹ́wàá ni mo ń ṣí ìwé. Ó wà lára ògiri.”

Ó wà lára ògiri lóòótọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Wọ́n dúró. Gbẹ́nàgbẹ́nà rìn lọ sí ìdí kànga, ó rìn padà. Ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ tábìlì Tísà, ó rí i pé ó ń mì, ó sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ tó fà á ní aṣọ. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Aránbàtà ń ti bàtà kan bọ orí irin. Olóbúrẹ́dì sì ń tajà ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ojú rẹ̀ wà lára oníbàárà, etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn.

Ní aago mẹ́wàá, Tísà nu gíláàsì rẹ̀, ó ṣí ìwé, ó fi ìka tọ ìlà.

“Yàrá kẹrin. Ọmọkùnrin kan, gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó ti kó lọ sí òkè òkun, kò ní padà wá mọ́.”

“Ó ti padà wá, sà.”

“Mo rí i. Ojú mi kò fọ́.” Ó yọ fọ́ọ̀mù kan jáde. “Ohun tí a kọ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a kọ. Ìdí àtúnṣe. Kí ni ìdí àtúnṣe?”

“Ẹ kọ ọ́ pé àṣìṣe ni.”

“Àṣìṣe ta ni? Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo kọ. N kò ṣe àṣìṣe.”

Ìyá Aránṣọ súnmọ́ tábìlì. “Ẹ kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi náà ló parí. Pé ó wá padà sílé.”

Tísà gbà, ó sì fi bíró lé pépà. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ méjì kí ìyàwó tó na ọwọ́ bo ìlà náà.

“Ẹ má kọ ìyẹn, sà. Kò ní bá ìwé kejì mu.”

“Ìwé kejì wo?”

Ìwé kejì náà wà nínú báàgì rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin. Orúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n wà lókè rẹ̀ gàdàgbà. Ó di báàgì náà mú ṣinṣin. Òòlù Aránbàtà kò dún mọ́.

“Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi,” ni Gbẹ́nàgbẹ́nà wí.

“Kì í ṣe ìwọ lo dá mi lóhùn ní ọjọ́ náà,” ni Tísà fèsì. “Ẹni tí ó sọ ti àkọ́kọ́ ni yóò sọ ti èkejì, lójú ẹlẹ́rìí méjì. Òfin ni.” Ó gbé ohùn sókè. “Aránbàtà! Olóbúrẹ́dì! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá jẹ́rìí.”

Olóbúrẹ́dì kò jẹ́ kí ó pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Aránṣọ wo òkè àtẹ̀gùn. “Mo gbé omi kaná. Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó.”

“Mo ti pa iná,” ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ wí.

Ìyá náà dúró. Ó fi ọwọ́ tọ́ etí ìró rẹ̀, ibi tí ó ti tọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ nìkan ni ó mì.

“N kò gbọ́,” ni Tísà wí. Ní tòótọ́, kò gbọ́. Etí rẹ̀ ti ń di.

“Mo ní ẹ̀wọ̀n! Ẹ̀wọ̀n lọmọ mi wà! Kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé ẹ̀, omi gan-an ń bà á lẹ́rù. Èmi ni mo purọ́. Ẹ kọ ọ́!”

Bíró Tísà dúró lókè pépà. Ọdún méjì ni ó ti ń fi ọmọ Ìyá Aránṣọ ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́, pé iṣẹ́ ọwọ́ lè gbé ènìyàn la òkun kọjá. Ó yọ gíláàsì, ó tún un wọ̀. Ó fa ìlà pupa la ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ já, ó kọ̀wé, ó sì kà á sókè: “Ẹni tí a bi léèrè kò sọ òtítọ́.”

“Ẹ kọ ọ́ pé ìyá rẹ̀ ni,” ni Ìyá Aránṣọ wí, “kí wọ́n má lọ rò pé òun ló purọ́.”

Tísà fi kún un.

“Níbo ni màá fọwọ́ sí?” ni Aránbàtà béèrè. Ó fọwọ́ sí i, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Olóbúrẹ́dì gba bíró. “Ọdún mẹ́rin,” ni ó wí. “Mo sì ń bi ẹlẹ́wọ̀n léèrè ṣokoléètì!” Ó dúró kí wọ́n bá òun rẹ́rìn-ín, bí ó ti máa ń rí. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ sí ìwé náà, ó padà sí ìdí agbọ̀n rẹ̀, wọn kò sì gbọ́ ìpolówó rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni òfin ní kí a kọ, Tísà kò sì kánjú kọ ọ̀kankan nínú wọn. Aago méjìlá kọjá kí ó tó lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀kẹta. Ìgbà náà ni wọ́n rántí pé yàrá wọn wà ní gbayawu, pé ilẹ̀kùn ṣì wà lórí àga.

“Ẹ máa lọ,” ni Aránbàtà wí. “Ibí ni mo jókòó sí.”

Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn. Ìyàwó ni ó ṣáájú, ìwé wà ní àyà rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọwọ́ òsì nínú àpò. Ìyá ni ó kẹ́yìn, ó ń mí gúlegúle. Ní gbogbo ìkóríta ni ọkùnrin náà ń dúró bí ẹni tí ó ń retí kí wọ́n pàṣẹ fún un, ìyàwó a sì yíjú padà pé, “Máa bọ̀!”

Fèrèsé márùn-ún ni ó wà ní ọ́fíìsì ìrànwọ́. Ẹyọ kan ni wọ́n ṣí. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ó kàn wọ́n. Akọ̀wé tí ó jókòó síbẹ̀ ka ìwé àtúnṣe, ó ka ìwé ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó tún ka ìwé àtúnṣe, ó wo ìyá náà láti òkè dé ilẹ̀, ó sì lu òǹtẹ̀.

“Ó dáa. Káàdì yín á jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tó kàn!”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà?” ni ìyàwó wí. “Oògùn ẹ̀ ń tán lónìí.”

“Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, mà. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.”

“Mi ò yà.”

“Ẹ ẹ̀ yà?”

“Mi ò yà síbì kankan. Aago méjì ni mò ń wọ iṣẹ́, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n lé mi. Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀. Mú ọwọ́ ẹ jáde nínú àpò, kí wọ́n rí i. Tó bá ṣubú síwájú fèrèsé yín níbí, ẹ̀yin náà lẹ máa wá wá ẹni tó máa gbé e.”

Akọ̀wé wo ọwọ́ náà. Ó mí kanlẹ̀, ó fa àpótí tábìlì rẹ̀ jáde, ó sì mú ìdì ìwé pélébé kan tí òkùn ṣì wà lára rẹ̀.

“Kí ló dé tí ẹ ò béèrè ìwé oògùn onígbà díẹ̀ látàárọ̀? Ẹ máa fi èyí gba ti oṣù méjì lẹ́yìn ilé yìí.”

“Ta ló sọ fún wa pé ó wà?”

“Ẹni tó bá béèrè là ń fún,” ni akọ̀wé wí, ó sì ń tú òkùn ìdì náà.

Ó yọ ọ̀kan, ó kọ ọ́, ó sì tún ìdì náà dì. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ìdì náà ti wà nínú àpótí yẹn, ní ìwọ̀n apá kan sí ibi tí Gbẹ́nàgbẹ́nà dúró sí ní ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n ní kí ó lọ kí ó padà wá. Ìdì náà nípọn tó búlọ́ọ̀kù. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ iye ẹni tí ó ti béèrè ní ọdún náà, kí ó wo bí òkùn rẹ̀ ti mọ́ tónítóní tó.

Ìyàwó sáré lọ sí ibi iṣẹ́. Ìyá àti ọmọ gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Àwọn ènìyàn kún orí bẹ́ǹṣì fọ́fọ́. Wọ́n gba ìwé pélébé lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n jókòó. Ìyá tẹ́ ìdí sí etí bẹ́ǹṣì, ìgbà náà ni ó sì rí oníbàárà rẹ̀ kan tí ó jókòó ní òdìkejì. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ obìnrin náà méjèèjì wà nílé lórí máṣíìnì, ó kù kí ó fi bọ́tìnnì sí wọn.

“Ìyá Aránṣọ! Ṣé kò sí o? Ara yín ò yá ni?”

“Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí,” ni Ìyá Aránṣọ dáhùn kíá. “Ọmọ mi ló sìn mí wá.”

“Èyí tó ti òkè òkun dé yẹn? Ẹ kú oríire o! Ọmọ dára.”

“Ẹ ṣeun.”

Gbẹ́nàgbẹ́nà wo ìyá rẹ̀, ó sì wo ilẹ̀.

Obìnrin tí ó wà lójú fèrèsé oògùn kì í pe orúkọ. Ohun tí wọ́n kọ sí orí ìwé ni ó ń pè. Ó ké pe, “Arúgbó!” bàbá kan dìde pẹ̀lú ọ̀pá. Ó ké pe, “Aláboyún!” àwọn méjì dìde, wọ́n ń ṣàlàyé ẹni tí ó ṣáájú. Ó gbé ìwé tí ó kàn, ó sún un mọ́ ojú.

“Ẹlẹ́wọ̀n!”

Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ sí orí itan. Oníbàárà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wò yí ká, ó ń na ọrùn.

“Ẹlẹ́wọ̀n! Ẹlẹ́wọ̀n dà?”

Gbẹ́nàgbẹ́nà kò mira. Gbogbo òwúrọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti gbé ibì kan. Nísinsìnyí ó jókòó bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ igi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí bẹ́ǹṣì mú. Aago méjì àti ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀ṣọ́ kan ti ń mi ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jìgìjìgì ní ẹnu ọ̀nà.

“Bí ẹlẹ́wọ̀n ò bá sí níbí, mo ti fèrèsé o!”

Ìyá Aránṣọ dìde. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára oníbàárà rẹ̀.

“Ẹ má tì í,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì kún ilé náà. “Ó wà níbí. Ọmọ mi ni.”

Ó wá yíjú sí ọmọ náà, ó gbá a ní èjìká.

“Dìde jàre. Ṣé o ò gbọ́ pé wọ́n ń pè ọ́ ni?”